Ajẹ́lẹ̀ Tó Pàṣẹ fún Kànga

Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣùgbọ́n kí ẹ tó fìdí lélẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fẹ́ jókòó lé. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí kò wò ó ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní ayé ìgbà tí àwọn ìlú ńláńlá ń rán ajẹ́lẹ̀ kiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí ajẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jókòó sínú ìlú onílùú bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí, ìlú kékeré kan wà tí à ń pè ní Òkè-Àyìn. Bí èèyàn bá fi Èsìẹ́ sílẹ̀ ní òwúrọ̀, yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìlú ńlá tó rán ajẹ́lẹ̀ sí wọn, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣì pọ̀, wọn kì í sì í gbàgbé ọ̀rọ̀.

Májẹ́kódùnmí ni orúkọ ajẹ́lẹ̀ náà. Kí ó tó di ẹni ńlá, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa di agboorùn mú lórí ìjòyè kan nílé. Ọdún mọ́kànlá ló fi di agboorùn mú. Ó ń wo bí ìjòyè ṣe ń wúkọ́, bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, bí ó ṣe ń dákẹ́ tí wọ́n bá bi í ní ohun tí kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n fún òun náà ní ìlú tí yóò máa ṣọ́, kò mọ nǹkan kan nípa ìṣàkóso ju àwọn wọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n dunjú.

Ní ọjọ́ tó wọ̀lú, ó gba agbolé Ẹlẹ́kù, tó tóbi ju gbogbo agbolé yòókù lọ, ó ní kí àwọn onílé kó sí àwọn yàrá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin. Bí òun bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó wà nítòsí dákẹ́. Bí òun bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n kúnlẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún yẹn dé, tí eruku kó ikọ́ bá Ajẹ́lẹ̀, àwọn obìnrin agbolé Ẹlẹ́kù kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe mọ́ ju kíkúnlẹ̀ àti dídìde lọ. Ó tún ṣòfin pé adìẹ kankan kò gbọdọ̀ ké kí òun tó jí, àti pé adìẹ tó bá ké, ìkòkò ọbẹ̀ òun ni ẹjọ́ rẹ̀ yóò ti parí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, adìẹ mẹ́rìnlá ti rú òfin. Ẹ kò rí i bí adìẹ ṣe lè ya ọ̀daràn.

Ẹni tó ń bá a jẹ àwọn ọ̀daràn wọ̀nyí ni Ọdẹ́wálé. Orúkọ ọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ ọdẹ, ṣùgbọ́n kò dọdẹ ohun kan rí ju ẹran inú ọbẹ̀ ẹlòmíràn lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yin Ajẹ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí Ajẹ́lẹ̀ bá yán, Ọdẹ́wálé á ní ẹkùn kò lè yán bẹ́ẹ̀. Bí Ajẹ́lẹ̀ bá kọsẹ̀, Ọdẹ́wálé á ní òkúta ló wá kí i. Nígbà mìíràn ìyìn á gbé e lọ jìnnà, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀gá rẹ̀ ní "Kábíyè...", á sì rántí pé ọba Òkè-Àyìn ń gbé ní agbolé kejì, á yára yí i sí ikọ́. Ikọ́ yẹn á di ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn obìnrin á tún kúnlẹ̀.

Báyìí ni ayé Ajẹ́lẹ̀ ṣe ń lọ, tó dùn, títí ọ̀rọ̀ kọ̀bì fi dé.

Ìròyìn dé láti ilé pé àwọn ońṣẹ́ àgbà ń bọ̀ wá bẹ ìlú wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Májẹ́kódùnmí kò sùn dáadáa mọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i kí wọ́n gbàgbé pé ó di agboorùn mú rí. Ó wá pinnu láti kọ́ kọ̀bì, ìyẹn ìloro gíga olópòó tí a máa ń rí níwájú ààfin, sí àárín àgbàlá agbolé Ẹlẹ́kù. Ìjòyè tó sìn nílé ní kọ̀bì olópòó méje. Tirẹ̀ yóò ní òpó mẹ́sàn-án, pẹpẹ amọ̀ gíga kan yóò sì wà láàárín wọn tí òun yóò máa jókòó lé. Ó ránṣẹ́ sí Ṣàrẹ́ pé kí wọ́n bá òun wá ọ̀mọlé tó mọṣẹ́. Wọ́n rán Sànní wá, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi.

Sànní wọlé, ó kí Ajẹ́lẹ̀, ó rìn yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀kan, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo. Ó ní, "Ta ni mo máa bi kí n tó walẹ̀?"

Ọdẹ́wálé rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn onílé tó wà nítòsí mọ̀ pé ìbéèrè ọmọlúàbí ni. Kí ẹ̀yin náà lè mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Abẹ́ ilẹ̀ Òkè-Àyìn kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Orí ìdagẹ̀rẹ̀ ni ìlú náà wà. Láyé àtijọ́, ní gbogbo ìgbà òjò, àgbàrá a máa wó ògiri. Àwọn bàbá ńlá wọn wá mọ ìkòkò gígùn tí kò ní ìdí, wọ́n to ẹnu ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì lábẹ́ ilẹ̀, láti àgbàlá agbolé márùn-ún títí dé odò ìsàlẹ̀, kí omi òjò lè máa gba ibẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ogun ká wọn mọ́lé, wọ́n gbẹ́ kànga sínú agbolé Ẹlẹ́kù kí wọ́n má baà máa jáde lọ pọnmi. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, tí omi kànga náà sì gbẹ, wọ́n to igi àyìn dí i lẹ́nu, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ lé e. Àwọn ẹkù ìgbàanì tún wà níbẹ̀, ìyẹn kòtò tí àwọn obìnrin ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn láti fún epo, tí wọ́n ti fi pàǹtí dí. Lójú, ilẹ̀ tẹ́jú. Lábẹ́, ihò ni ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìlú fi ní òfin kan tí kò sí ajẹ́lẹ̀ tó kọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wa ilẹ̀ agbolé jìn ju ojúgun lọ, kí ó kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Àmọ̀pé, arúgbó tó mọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ìlú. Kí ó dúró di ọjọ́ kẹta. Ìyá Àmọ̀pé á wá, á fi ẹfun fa ìlà sí ibi tí omi ń gbà, á fi osùn yí ibi tí kòtò wà po, á sì fi èédú sàmì sí ojú oórì. Bí ọkọ́ bá sún mọ́ àmì tó ku ìgbọ̀nwọ́ kan, wọ́n á ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ àti igi wa ilẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá Àmọ̀pé kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló gbẹ́ àwọn nǹkan náà, ṣùgbọ́n ogun a máa kó ọkùnrin lọ. Ẹni tó kù sílé ló ń rántí.

Àwọn onílé ránṣẹ́ pè é. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Àmọ̀pé dé pẹ̀lú igbá ẹfun àti igbá osùn rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì ń rìn bí ẹni tó ń kàwé pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ó ń ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ìlà funfun kan la àárín àgbàlá kọjá, ó sì gba ojú ibi tí òpó mẹ́ta yóò ti dúró. Àmì osùn róbótó kan sì wà ní ojú ibi tí pẹpẹ Ajẹ́lẹ̀ yóò wà gan-an.

Májẹ́kódùnmí jáde, ó rí i, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó béèrè ohun tí ó pupa lórí àga òun. Ìyá Àmọ̀pé fi ìrẹ̀lẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní kànga ni, ó jìn ju èèyàn mẹ́ta tó dúró léra wọn lórí lọ, igi tó dí i lẹ́nu sì ti dàgbà ju òun lọ. Ó ní bí wọ́n bá sún kọ̀bì sí apá ìlà oòrùn ní ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀, kò ní sí ewu kankan, àgbàlá á sì tún rẹwà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe ni kí ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ajẹ́lẹ̀ wo ogún ìṣísẹ̀ náà, ó rí i pé níbẹ̀, kọ̀bì òun kò ní kọjú sí ẹnu ọ̀nà tààrà. Àwọn ońṣẹ́ á wọlé kí wọ́n tó rí òun. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dé ọkàn. Ó gbọn agbádá rẹ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo èèyàn kúnlẹ̀ àfi Sànní tí kò mọ òfin ikọ́. Ó wá kọjú sí àmì osùn, ó na ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ sí i, ó sì bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìwọ kànga, èmi Májẹ́kódùnmí ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, ẹni tí a rán láti ibi tí wọ́n ti ń ránni níṣẹ́. Láti òní lọ, o kì í ṣe kànga mọ́. Ilẹ̀ ni ìwọ. Máa hùwà bí ilẹ̀."

Ọdẹ́wálé fi etí lélẹ̀, ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó ní kànga ti gbọ́, ó sì ti bẹ̀bẹ̀. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbá ẹfun, wọ́n gbá osùn, wọ́n dà á sóde.

Sànní kó ọkọ́ rẹ̀. Ó sọ fún Ajẹ́lẹ̀ pé òun kò ní walẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbá àmì dànù, nítorí àmì ni wọ́n gbá, wọn kò gbá ihò. Ajẹ́lẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe olórí ọ̀mọlé. Ó yan Ọdẹ́wálé. Ọdẹ́wálé kò mọ amọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dára, Ajẹ́lẹ̀ sì rò pé ìyẹn tó.

Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ́ àwọn alágbàṣe ba ohun kan tó dún ko-ko-ko. Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n wo ara wọn. Ọdẹ́wálé ní kí wọ́n má dúró, ó ní ilẹ̀ ló ń pàtẹ́wọ́ fún Ajẹ́lẹ̀. Wọ́n fọ́ ìkòkò àkọ́kọ́, wọ́n fọ́ èkejì, wọ́n fọ́ ìkẹta. Wọ́n ki amọ̀ bọ inú ihò tó ṣẹ́ kù kí ó lè le, wọ́n gbé òpó lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì ni nígbà náà, ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ohun kankan tó ṣẹlẹ̀. Májẹ́kódùnmí ń rìn lórí pẹpẹ tuntun rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gì-gì, ó ń sọ fún àwọn onílé pé kí wọ́n wá wò ó bí arúgbó ṣe ń fi ìtàn dẹ́rù ba ìjọba.

Ṣùgbọ́n nígbà kan tí òun nìkan wà lórí rẹ̀, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ìró náà sì jinlẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó dúró. Ó fẹ́ pe ẹnì kan kí ó bi í. Ó wò yíká, ó rí i pé láti ọjọ́ tó ti dé, kò sí ẹnì kan nínú ìlú náà tí òun ti bi ní ìbéèrè rí, òun kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ jẹun.

Ìyá Àmọ̀pé kò bínú, kò sì jókòó lásán. Ó lọ láti agbolé kan sí èkejì nínú agbolé márùn-ún tí ìkòkò abẹ́ ilẹ̀ so pọ̀. Ó sọ fún wọn pé ọ̀nà omi ti dí, pé nígbà tí òjò bá dé, kí ẹnikẹ́ni má sùn sí yàrá tó wà lójú ìlà, kí wọ́n gbé àgbàdo àti èlùbọ́ sókè àjà. Sànní, tí kò tíì padà sí Ṣàrẹ́, bá wọn gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré sẹ́yìn ilé kí omi lè rí ibòmíràn gbà. Ní gbogbo ibi tó ti fẹ́ kan ọkọ́ mọ́lẹ̀, ó ń kọ́kọ́ bi arúgbó náà. Ìyá Àmọ̀pé tún fi ẹ̀gún yí ìdí pẹpẹ Ajẹ́lẹ̀ ká kí àwọn ọmọdé má baà gun orí rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n kó ẹ̀gún náà kúrò, ó ń ba ẹwà jẹ́.

Ọjọ́ àwọn ońṣẹ́ pé. Wọ́n jẹ́ mẹ́fà, olórí wọn sì jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ní irùngbọ̀n funfun, tí ìrìn ọ̀nà ti sú. Ọba Òkè-Àyìn wá pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Májẹ́kódùnmí jókòó sórí pẹpẹ láàárín òpó mẹ́sàn-án. Ó wọ agbádá, ó wọ dàńdógó lé e, ó tún da aṣọ òkè kan borí gbogbo rẹ̀. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí omi ògì, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju ti ọkọ ìyàwó lọ.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn wà ní àárín ọ̀run. Ó sọ bí òun ṣe bá ìlú náà nínú òkùnkùn. Ó sọ bí òun ṣe kọ́ wọn ní ìkúnlẹ̀. Ó ka àwọn òfin òun lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ti adìẹ. Nígbà tí ó dé orí bí òun ṣe pàṣẹ fún kànga, ìkùukùu dúdú ti ga láti apá Òmù-Àrán, afẹ́fẹ́ tutù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Olórí ońṣẹ́ ní ṣé kò ní dára kí àwọn wọlé. Ajẹ́lẹ̀ ní ọ̀rọ̀ òun ku díẹ̀.

Òjò dé. Kì í ṣe òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ ní kíún. Ọ̀run ṣí, ó dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Omi orí òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya sínú àgbàlá, ó sáré lọ sí ojú ihò rẹ̀ àtijọ́, ó bá amọ̀ tí Ọdẹ́wálé kì bọ̀ ọ́, ó sì yíjú padà. Ó dé kókósẹ̀ àwọn ońṣẹ́. Bàtà olórí wọn gbéra, ó ń léfòó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọba bí ọkọ̀ ojú omi. Ewúrẹ́ méjì ń lúwẹ̀ẹ́. Ọdẹ́wálé ké pẹ̀lú ohùn dídára rẹ̀ pé odò wá kí Ajẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ ọ́ ló ti ń gun ògiri.

Májẹ́kódùnmí kò dìde. Ó na ọ̀pá àṣẹ sókè, ó ní kí omi náà dúró. Omi kò dúró. Ó ti wọ abẹ́ pẹpẹ, ó ń fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò létí igi àyìn àtijọ́. Ohun kan dún lábẹ́ ilẹ̀, bí ìgbà tí arúgbó bá ń kérora. Pẹpẹ náà fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ díẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ di òpó mú. Òpó náà bá a lọ.

Ó wọlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó wà níbẹ̀ sọ pé fìlà rẹ̀ dúró lókè díẹ̀, kí òun náà tó tẹ̀ lé olówó rẹ̀.

Gbogbo èèyàn pariwo, wọ́n sì sáré lọ sí ẹnu ihò náà láti fà á. Ìyá Àmọ̀pé tó wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn ló dá wọn dúró. Kò pariwo, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ má sún mọ́ ọn. Etí rẹ̀ á ya, ẹ ó sì bá a wọ ibẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ yín á fi kan ògiri." Wọ́n sún sẹ́yìn, ọba àti ońṣẹ́ papọ̀.

Omi àgbàlá ń ya wọ inú kànga. Nísàlẹ̀, Májẹ́kódùnmí dúró lórí òpó tó há sínú ihò, omi dé àyà rẹ̀. Òkùnkùn wà níbẹ̀, ó sì tutù. Ó ké pe Ọdẹ́wálé tó ti wà lórí ògiri. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe àṣẹ, omi ló gbé mì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́, ẹ̀rù bà á bí ó ti ń ba ọmọ aráyé.

Lókè, Ìyá Àmọ̀pé ń ka ìṣísẹ̀. Kò sí ẹfun tó lè dúró nínú òjò bẹ́ẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Ó ka mẹ́sàn-án láti ẹnu ọ̀nà, ó yà sí òsì ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó fi ọ̀pá gún omi, ó sọ fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin pé ibẹ̀ ni ọ̀nà omi ti dí, kí wọ́n fi ọwọ́ yọ amọ̀ náà, kí wọ́n má lo ọkọ́, kí wọ́n má baà tún fọ́ òmíràn. Sànní yọ ilẹ̀kùn ńlá kan kúrò lára ògiri, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lé ojú omi títí dé etí kànga, ó dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, ó fi àyà fà bí alángbá, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ju okùn sísàlẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ so ó mọ́ra. Wọ́n fà á, kò gbéra. Wọ́n tún fà á. Aṣọ mẹ́ta tó ti mu omi yó wúwo ju ẹni tó wọ̀ wọ́n lọ.

Ìyá Àmọ̀pé bẹ̀rẹ̀ sórí ilẹ̀kùn lẹ́yìn Sànní. Ó ní, "Bàbá Ajẹ́lẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ."

Ohùn kan láti ìsàlẹ̀ béèrè bóyá àwọn ońṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Arúgbó náà ní wọ́n wà níbẹ̀.

Omi dé ọrùn Ajẹ́lẹ̀.

Ìyá Àmọ̀pé ní, "Aṣọ tàbí ẹ̀mí. Mo ti dàgbà, n kò lè dúró sínú òjò pẹ́. Ẹ mú ọ̀kan."

Aṣọ òkè kọ́kọ́ léfòó, dàńdógó tẹ̀ lé e, agbádá kẹ́yìn. Bí wọ́n ti ń fà á bọ̀, amọ̀ ọ̀nà omi yọ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin, ìkòkò abẹ́ ilẹ̀ fa omi gbùùrù, àgbàlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ajẹ́lẹ̀ jáde sórí ilẹ̀kùn náà nínú ṣòkòtò pénpé kan, amọ̀ pupa ti kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá Àmọ̀pé bọ́ ìborùn ara rẹ̀, ó fi bò ó. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀rín náà di alẹ́.

Ilé Ìyá Àmọ̀pé ni olórí ońṣẹ́ ti gbẹ aṣọ rẹ̀ lẹ́bàá iná. Nínú agbolé márààrún, kò sí ẹni tó kú, kò sí ògiri ilé kan tó wó, nítorí ojú àgbàrá tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ilé. Bàbá náà béèrè ẹni tó ni àṣẹ lórí ilẹ̀ agbolé wọ̀nyí. Gbogbo wọn tọ́ka sí arúgbó tó ń rọ ògì gbígbóná fún un. Ó wá béèrè iṣẹ́ tí Ajẹ́lẹ̀ ń ṣe. Wọ́n ronú. Wọ́n ronú pẹ́. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó fẹ́ ṣe olóòótọ́ sọ pé ó máa ń wúkọ́.

Kò pé oṣù kan tí ìlú ńlá gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ Májẹ́kódùnmí. Wọ́n wá ẹlòmíràn tí wọ́n lè rán sí Òkè-Àyìn, wọn kò rí. Ìròyìn ti kárí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbé ajẹ́lẹ̀ mì. Àwọn ará Òkè-Àyìn gbọ́ ìròyìn náà, wọn kò sì rí ìdí kankan tí wọ́n fi gbọdọ̀ sẹ́ ẹ. Bí àlejò bá béèrè, wọ́n á kàn mi orí, wọ́n á wo ilẹ̀. Ọdẹ́wálé gba ọ̀nà Ìgbàjà lọ, mo gbọ́ pé ó rí ọbẹ̀ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Májẹ́kódùnmí kò lè padà sílé. Àwọn obìnrin ti fi ọ̀rọ̀ aṣọ mẹ́ta rẹ̀ kọ orin. Ó gba oko kan ní ọ̀nà Ìsánlú-Ìsin, nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí, ó fẹ́ ìyàwó kan tó ń jẹ́ Mọ́láyọ̀, ó ń gbin iṣu. Iṣu rẹ̀ sì dára. Ní ọdún kejì ó fẹ́ gbẹ́ kànga. Kí ó tó gbé ọkọ́, ó lọ bi ọdẹ mẹ́ta, ó bi ẹlẹ́mu kan, ó bi arúgbó méjì tí wọ́n ń ṣẹ́gi, bóyá wọ́n mọ ohun kankan tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ní igbó ni, kò sí ohun kankan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó dúró di ọjọ́ kẹta. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Mọ́láyọ̀ sì ń wò ó.

Kò tíì dé ojúgun tí ọkọ́ rẹ̀ fi ba àpáàdì kan. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka gbọ́n yẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì rọra dà á bò ó padà.

Mọ́láyọ̀ ní àpáàdì ìkòkò tí òun fọ́ ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ni.

Ó ní òun gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó sún sẹ́yìn ní ogún ìṣísẹ̀, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀.